Màmá Mi Wá sí Dallas, Tulsa ni Mo Gbé Wọn Lọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n jẹ́wọ́ irọ́ kan fún yín. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi pa á, màmá mi gan-an ni mo sì ń pa á fún!

Dallas la kọ́kọ́ dé nígbà tá a wọ Amẹ́ríkà. Apartment kékeré kan ní Grand Prairie la gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó sì máa ń gbà mí ní wákàtí kan lórí freeway kí n tó dé ibi iṣẹ́. Tí mo bá fi máa délé nírọ̀lẹ́, Tọ́mi ọmọ wa ti sùn. Ṣé ayé nìyẹn?

Nígbà tí ọkọ mi wá ríṣẹ́ ní Tulsa, ní Oklahoma, mo ní mi ò lọ. Ta ló mọ Tulsa? Ṣùgbọ́n a lọ wò ó, a sì kó lọ. Rent tá à ń san fún apartment yẹn gba odidi ilé tó ní backyard. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń dé hospital báyìí.

Màmá mi nìṣòro. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, n'Íbàdàn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló mọ̀ pé ọmọ wọn wà ní Dallas. Tí wọ́n bá ń gbàdúrà, wọ́n á ní kí Ọlọ́run bá àwọn bójú tó ọmọ àwọn ní Dallas. Tí mo bá ní a ti kúrò, wọn ò ní rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wa? Mo bá dákẹ́. Nọ́ńbà fóònù mi ṣáà ṣì jẹ́ ti Dallas.

Àfi bí wọ́n ṣe ní àwọn ń bọ̀! Físà tí wọ́n ti gbà nígbà tá a ṣì wà ní Grand Prairie ò tíì parí.

Èmi, ọkọ mi àti Tọ́mi la lọ pàdé wọn ní airport Dallas. Mo rò pé oorun á gbé wọn lọ nínú mọ́tò, pé tá a bá délé tí wọ́n jẹun tán, màá rọra ṣàlàyé. Oorun kẹ̀! Wákàtí kan kọjá, wọ́n ní ṣé a ò tíì délé ni. Mo ní Dallas tóbi, mà. Ọkọ mi fẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. Wọ́n tún bèèrè, mo tún ní ó tóbi. Bẹ́ẹ̀, màlúù là ń rí lọ́tùn-ún lósì!

Nígbà tá a sọdá odò kan, a kan pátákó ńlá lẹ́bàá ọ̀nà. Tíṣà ṣáà ni Màmá, wọ́n kà á sókè. Wọ́n ní, "Kí ni Oklahoma ń wá ní Dallas?"

Kí n tó lanu, Tọ́mi ti dáhùn látẹ̀yìn: "Grandma, we don't live in Dallas anymore!"

Ojú tì mí débi pé mo bú sẹ́kún. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, Màmá sì jẹ́ kí n sọ tán. Wọ́n wá bi mí pé níbo làwọn bí mi sí. Mo ní Ṣakí. Wọ́n ní nígbà tí iṣẹ́ gbé bàbá mi kúrò n'Íbàdàn lọ sí Ṣakí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko làwọn fi sunkún.

"Ibẹ̀ náà lo ti mọ̀wé. Ṣé Dallas ni mo wá wò ni, àbí ìwọ?"

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò. Àwa ọmọ Nàìjíríà ò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí náà kò pẹ́ tí gbogbo àwọn tó kù fi ń pe Màmá ní Màmá Tíṣà. Tọ́mi tó máa ń fi English dá mi lóhùn ti ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń padà lọ, wọ́n ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ilé gbàdúrà lórí fóònù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ: "Ọlọ́run, bá mi bójú tó ọmọ mi ní Tulsa."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju pé ibi tára bá ti tu èèyàn ló yẹ kó gbé, ì báà má lórúkọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìlú wo lẹ̀ ń gbé tẹ́ ẹ ò tíì sọ fáwọn ará ilé?