Àgádágodo Tí Mi Ò Lè Ṣí

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá olè ni mo fẹ́ dà. Gbogbo èèyàn ló ti bi mí. Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́, oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Lọ́jọ́ Sátidé kan, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yàrá tí a ń kẹ́rù sí sọnù, ọkọ mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù ba ilẹ̀kùn òun jẹ́. Ó wo fídíò kan lórí fóònù, ó tú wáípà ọkọ̀ wa tó ti gbó, ó yọ irin pẹlẹbẹ inú rọ́bà rẹ̀, ó tún ṣẹ́ irin kan lára agbòòrùn mi. Agbòòrùn tí mi ò tíì lò tó oṣù kan. Mo bú u débi tí mo lè bú u dé. Kó tó di ọ̀sán, àgádágodo náà ti là lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá ń jó káàkiri fàráńdà.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti di Sátidé, tí mo bá ti sá aṣọ tán, àwa méjèèjì á jókòó sí fàráńdà, òkè Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán, àgádágodo mẹ́ta mẹ́rin nínú abọ́ láàárín wa. Àwọn ará àdúgbò rò pé ẹ̀wà là ń ṣà. Bó ṣe yé mi ni mo fi ń sọ ọ́ o: inú àgádágodo ní àwọn irin kéékèèké tí spíríńgì ń tì sísàlẹ̀, eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé wọn dé ibi tó yẹ kí ó tó lè yí. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ á fi irin kan ti ojú ihò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á wá máa fi ìkejì gbé àwọn irin inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá dúró, wàá gbọ́ “kẹ́”. Ọkọ mi máa ń sọ pé mò ń tẹ̀ ẹ́ jù, pé bí ẹni fẹ́ na ọmọ iléèwé ni mò ń dì í mú. Mo ní kó gbájú mọ́ tiẹ̀.

Ọjọ́ tí tèmi kọ́kọ́ là, mo dìde, mo pàtẹ́wọ́, mo tún jókòó padà. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Irú àgádágodo yẹn gan-an ló wà lẹ́nu géètì wa. Tí èmi tí mi ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò ojú bá lè ṣí i, ta ni kò lè ṣí i? Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ilẹ̀kùn ni mò ń wò. Mo lọ kí ẹni tó bímọ, àgádágodo ilé wọn ni mò ń wò. Ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ìkòkò wa kó wá gbé e. Ọ̀rọ̀ ìkòkò kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni.

Màámi ń dá gbé ilé bàbá mi ní Ìsẹ̀, ilé tó kángun sí oko lápá ọ̀nà Èmùré. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti dé àgbègbè wa ni Màámi kì í ti í lọ sí oko kòkó wọn mọ́. Bí àwọn ará àdúgbò bá ti gba oko lọ, Màámi á ti ilẹ̀kùn onírin, wọ́n á gbé àgádágodo kọ́ ọ láti inú, wọ́n á wá jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò séèyàn nílé. A bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní ta ni yóò máa gbá ojú oórì bàbá mi.

Mo gba Ìsẹ̀ lọ láti lọ yẹ ilẹ̀kùn wọn wò. Mo kó àwọn irin mi sáàárín kròṣé tí mo fi ń hun fìlà, nítorí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn tú báàgì mi, ó gbé irin wáípà yẹn sókè, ó ní ta ni mò ń hun fìlà fún. Mo ní ìyá mi ni. Ó dá a padà, a sì kọjá.

Àgádágodo mẹ́rin ni Màámi ní. Wọ́n ń bẹ iṣu lọ́wọ́, mo sì jókòó tì wọ́n, mo ṣí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú wọn. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọ̀bẹ ni wọ́n gbé sílẹ̀.

“Ó já sí pé gbogbo ọdún tí mo ti ń ti ulé yìí, ìta ni mo ń sùn.”

Mo ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi, mo ní fóònù ni, wọ́n wá bi mí bóyá èmi nìkan ló ní fóònù. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Èyí tí ìwọ ò bá lè ṣí ni kó o mú wá fún mi.”

Mo wá a kiri Ìkẹ́rẹ́ títí mo fi rí ọ̀kan tó wúwo lọ́wọ́. Ọkọ mi ní ọ̀nà ẹ̀tàn ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn irin inú rẹ̀: yóò dún “kẹ́” bí ẹni pé ó ti dúró, irọ́ ni. A jọ dojú kọ ọ́ ní Sátidé mélòó kan, kò là. Inú mi dùn pé ó borí mi. Mo gbé e lọ fún Màámi, àti kọ́kọ́rọ́ méjì tó bá a wá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú ọ̀kan lọ. Wọ́n ní bí àwọn ẹni ibi yẹn bá mú mi lójú ọ̀nà, wọ́n á rí kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn lára mi. Kí n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n ti ju ọ̀kan sínú ṣáláńgá. Wọ́n so ìkejì mọ́ etí ìró wọn. Mo bínú dé Ìkẹ́rẹ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n pè mí lọ́jọ́ kejì pé àwọn sùn dáadáa, ìbínú náà tán.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo pè wọ́n nígbà tí àwọn ọmọ jáde fún ìsinmi, wọn ò gbé e. Mo pè títí, wọn ò gbé e. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo wọ ọkọ̀. Ohun tí ọkàn mi ń sọ fún mi lójú ọ̀nà yẹn, Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún gbọ́ irú rẹ̀. Ọlọ́kadà kan gbé mi láti gáréèjì dé ojúlé wa. Àdúgbò dá, gbogbo wọn ti lọ sóko. Ilẹ̀kùn onírin wà ní títì láti inú, ilẹ̀kùn onípákó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí díẹ̀. Mo yọjú wò. Ẹsẹ̀ Màámi méjèèjì ni mo rí nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà ti bọ́ kúrò ní ọ̀kan.

Mo pè wọ́n. Ìró kan dáhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ọlọ́kadà náà gbá irin yẹn mú, ó mì í, kò mì. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé, bàbá mi ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ń lọ mú jórinjórin wá, ó sì fò lọ. Ó ku èmi nìkan.

Mo yọ àwọn irin mi láàárín kròṣé inú báàgì mi, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín irin ilẹ̀kùn. Inú ni àgádágodo náà kọjú sí, mi ò lè rí ihò rẹ̀, ìka ni mo fi ń wá a. Irin agbòòrùn bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo fi kròṣé wọ́ ọ padà. Mo ń wí pé, “Màámi, èmi ni, èmi ni o,” mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́. Ó dún “kẹ́”, mo mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Tó bá jẹ́ ní fàráńdà wa ni, màá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Agbára dà? Ẹ̀rù ti jẹ́ kí ọwọ́ mi rọ jọ̀wọ̀lọ̀, mi ò lè tẹ nǹkan kan. Mo gbọ́ tí ojú ihò náà yí padà díẹ̀, irin inú rẹ̀ sì gòkè fúnra rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà àgádágodo tí mi ò rí ṣí láti ọjọ́ yìí là, ó bọ́ sílẹ̀ gbàmù.

Nígbà tí jórinjórin fi dé pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, mo ti dá ọkọ̀ kan dúró lójú ọ̀nà, èmi àti awakọ̀ rẹ̀ ti ń gbé Màámi lọ sínú rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é ní ilé ìwòsàn. Ó mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ohùn.

A gbé wọn wá sílé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ohùn ń padà díẹ̀díẹ̀, àmọ́ oorun kọ̀, kò wá. Ọkọ mi á ti géètì, á ti ilẹ̀kùn, á wá sọ fún wọn pé òun ti tì í. Ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n á ṣì máa wò. Mo mọ ohun tó ń dún létí wọn: ìró irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí wọ́n dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, tí wọn ò lè kígbe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bi mí.

“Ta ló ṣí i?”

“Jórinjórin ni. Ẹ̀rọ ló fi gé e.”

Wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi. “Gbé e wá, kí n rí i.”

Inú báàgì mi ni àgádágodo náà wà, odindi. Mo ní ó wà ní Ìsẹ̀, pé ọkọ mi á bá wọn mú un wá. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo mú ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, mo jókòó ti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Irin náà le. Ayùn ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkọ mi bá mi níbẹ̀, ó ní kí ni mò ń ṣe yẹn. Mo sọ fún un. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lọ mú ayùn mìíràn wá, ó di àgádágodo náà mú fún mi, a gé e já, a sì fi eérú pa ojú rẹ̀ kó má bàa tàn.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lé Màámi lọ́wọ́ òsì. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá ibi tí a ti gé e, wọ́n ń fi í ra ibẹ̀ lọ, bọ̀.

“Ó le,” ni wọ́n wí.

“Ó le gan-an, Màámi. Jórinjórin gé e títí kó tó já.”

Ojú wọn rọ̀. Wọ́n ní kí n lọ ra irú rẹ̀ gan-an wá. Mo rà á, mo kọ́ ọ mọ́ ilẹ̀kùn wa láti inú, mo so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró wọn. Lọ́sàn-án yẹn, wọ́n sùn, ẹnu wọn là sílẹ̀ bíi ti ọmọdé. Mo jókòó tì wọ́n, mo kọjú sí ilẹ̀kùn, mi ò sì lè dìde kúrò níbẹ̀.