Bí Ardis Ṣe Tú Ìjọ Orí Yìnyín Ká

Ní ìlú kékeré kan ní North Dakota, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ṣì ń bẹ̀rù Ardis Tollefson. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú. Òun ló fi bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ sí iléèwé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ohùn tó sì fi ń bá wọn wí nígbà náà ò tíì kúrò létí wọn. Bí ìpàdé ìjọ Lútérànì bá ti gbóná jù, Ardis á kàn ní, "Ẹ jókòó," àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun á sì ti fìdí kalẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé àwọn ti lọ́mọọmọ.

Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi gbé iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́ nígbà tí Pásítọ̀ Gunder Aasen fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tó fi ṣèrìbọmi fún wọn, tó sì fi sìnkú wọn. Lenore Dufault ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Obìnrin ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ìlú ńlá ló sì ti wá. Wọ́n ní kí Ardis bá wọn so ìjọ mọ́ ọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí pásítọ̀ tuntun, wọ́n ń gbé ẹran lílọ̀ àti ọ̀dùnkún tí wọ́n yan pọ̀ wá fún un, títí fìríìjì rẹ̀ ò fi ṣe é tì mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù wọlé tán, Ardis yà sí ọ́fíìsì Lenore, ó bá a tó ń nu eruku tí kò sí lórí tábìlì.

"Ṣé iṣẹ́ ń lọ, Pásítọ̀?"

"Oúnjẹ ń wọlé, mà," Lenore dáhùn. "Èèyàn ni ò wọlé. Àbí wọn kì í níṣòro nílùú yìí ni?"

Ardis mọ̀ pé ìṣòro ìlú náà pọ̀ ju ẹ̀fọn ìgbà ooru lọ. Ibo ni wọ́n wá ń gbé e lọ?

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló rí i. Adágún ti dì gbagidi, àwọn ará ìlú sì ti gbé ahéré ìpẹja wọn sórí yìnyín bí ìṣe wọn, kí wọ́n lè máa fi ìwọ̀ pẹja nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí i. Ọkọ̀ yí ahéré Gunder ká bí ìgbà téèyàn ń ṣòkú. Doreen Haugland dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ọ̀pá ìwọ̀ dání.

"Doreen, kí lo wá ṣe?"

"Ẹja ni mo wá pa, Àǹtí."

"Ìwọ tí òórùn ẹja máa ń mú bì?"

Doreen wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rá ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. "Ó ti ń fúyẹ́ díẹ̀," ló wí.

Nínú ahéré, Clifford Brekke ló ń sunkún níwájú Gunder nítorí ọmọ rẹ̀ tó ní òun ò ṣe oko bàbá òun. Ardis ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Clifford nu ojú tán tó jáde, Ardis fìdí lé garawa tó fi sílẹ̀.

"Pásítọ̀, ìjọ kejì lẹ dá sílẹ̀ sórí yìnyín yìí."

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò sì lé ẹnikẹ́ni."

Gunder fa ìwọ̀ rẹ̀ sókè, kò rí nǹkan kan, ó tún sọ ọ́ padà sínú ihò. "Látìgbà tí Solveig ìyàwó mi ti kú, Ardis, aago ara ògiri nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé. Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yìí, mo tún máa ń wúlò."

Ardis gan-an ti gbé ìṣòro tirẹ̀ dání wá: ọ̀rọ̀ òun àti Myrtle àbúrò rẹ̀, tí wọn ò kí ara wọn mọ́. Ó ti pinnu lójú ọ̀nà pé tóun bá bá bàbá náà wí tán, òun á kàn mẹ́nu bà á díẹ̀. Ó gbé e mì.

"Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tiwa lọ báyìí, a ò ní mọ Lenore láé," ó wí. "Ẹ̀yin náà ò mọ nǹkan kan nígbà tẹ́ ẹ dé. Ẹ gbé garawa lọ sídìí akọ màlúù, ẹ ní ẹ fẹ́ fún wàrà."

"Bàbá Clifford ló rán mi."

"Ẹ sì lọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ahéré fi ń mì. Gunder wá dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ fáwọn tó ń dúró pé ọ̀rọ̀ ẹja nìkan lòun á máa gbọ́ níbẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Ẹni tọ́kàn rẹ̀ bá wúwo, kó lọ bá Lenore. Ọ́fíìsì tirẹ̀ tiẹ̀ móoru.

"Ṣé wọ́n á gba ọ̀pá yìí padà lọ́wọ́ mi nílé ìtajà ṣá?" Doreen bi Ardis.

Ardis mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kọ́kọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ kan ilẹ̀kùn Lenore, ó sì tú ọ̀rọ̀ Myrtle sílẹ̀. Lenore ò wàásù. Ó kàn béèrè pé, "Kí lẹ máa ń ṣe pọ̀ kí ìjà tó dé, mà?"

Ẹnikẹ́ni ò bi í bẹ́ẹ̀ rí. "A máa ń ta káàdì. Ó sì máa ń rẹ́ mi jẹ."

"Ẹ lọ jẹ́ kó tún rẹ́ yín jẹ."

Ẹ̀rín pa Ardis títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Clifford ló bá lọ́ọ̀dẹ̀, fìlà lọ́wọ́, tó ń wo àwòrán kan tí òun fúnra rẹ̀ gbé kọ́ síbẹ̀.

"Ẹ̀rọ amúlémóoru ni mo wá yẹ̀ wò, Àǹtí."

"Wọlé, Clifford."

Ó wọlé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Doreen náà wọlé, àwọn tó kù sì ń yọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí Lenore lè rí ààyè mí, Gunder lọ ń jọ́sìn lọ́dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní ìlú kejì. Wọ́n fi í sẹ́gbẹ́ akọrin. Kò mọ orin kọ rárá, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ò tíì rí ẹni tó máa sọ fún un.