Kànga Ìyá Mi Nínú Ìwé Professore

Òórùn kọfí tó jóná, àti ti ìwé tí òjò ti pa rí: bí àárọ̀ Sátidé ṣe máa ń rùn nìyẹn nílé Professore ní Turin. Ìyá mi á ti wẹ̀ fún un, wọ́n á ti fi ìpara ra ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì ti dé fìlà lé e lórí kí n tó jẹ búrẹ́dì mi tán nínú ilé ìdáná. Badante ni iṣẹ́ wọn, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tí àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò ráyè fún. Ẹ̀yin tí wọ́n gbé wá sí Italy ní kékeré bíi tèmi, tí ìyá yín ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Kì í jáde lára aṣọ bọ̀rọ̀.

Ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kankan o. Latin ló fi kọ́ àwọn ọmọ girama títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá pè é ní Professore kò ní gbọ́ èsì. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń pè é, n kò pè é ní "wọ́n". Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ìwé ló ń kọ. Ìwé kan ṣoṣo, fún odidi ọdún mẹ́jọ! Giallo ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ìtàn ìpànìyàn tí wọ́n á máa wá ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà kiri títí ìwé á fi parí. Àárín àwọn ará Romu àtijọ́ ló gbé tirẹ̀ kalẹ̀ sí, níbi ahoro tó wà lẹ́bàá Porta Palatina, ẹnubodè àtijọ́ tó ṣì dúró láàárín ìgboro Turin títí di òní. Ó ti pa ènìyàn kan lójú ìwé kìíní, ó sì ti ju òkú náà sínú kànga. Kò wá mọ bí wọn yóò ṣe mú apànìyàn. Ọdún mẹ́jọ, òkú ń dúró dè é.

Bí ìyá mi bá ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, èmi ni mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ lọ síbi ahoro náà. Nílùú ìyá mi, ahoro jẹ́ ohun tí à ń yára kọjá lára rẹ̀, nítorí àwọn tó ni ín ti kú tàbí kí wọ́n ti sá. Níhìn-ín, wọ́n fi irin yí i ká, wọ́n sì ń ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Professore á na ọ̀pá sí òkúta, á pè mí ní bambina, ọmọdébìnrin: "Wò ó, bambina! Níbí ni ọ̀làjú ti bẹ̀rẹ̀." Ológbò kan á sì gbé ẹsẹ̀ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á tọ̀ sára ọ̀làjú náà, á bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, ó ní kò sí ọ̀nà kankan tí adájọ́ inú ìwé òun fi lè rí apànìyàn náà mú. Ẹnu mi yá. Mo ní ìyá mi mọ ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ohun tí mo gbé jáde lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ní àlọ́ kan tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá tiwọn. Àpótí wọn sọnù ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí à ń bọ̀, nítorí náà àlọ́ yẹn nìkan ni ogún tó bá wọn dé Italy. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún mi: "A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á sọnù sọ́jà. Èyí pàápàá, tèmi tìrẹ ni." Mo sì jókòó sórí òkúta ní ọ̀sán gangan, mo pa á fún Professore.

Obìnrin amọ̀kòkò kan ló di àwátì nílùú kan. Gbogbo ìlú búra pé àwọn kò rí i. Ìyá àgbà kan wá ní: "Ẹ má bèèrè ẹni tó pa á. Ẹ bá mi wá ẹni tí kò mu omi kànga ìdí ilé ara rẹ̀ mọ́." Wọ́n wá a. Wọ́n rí ọkùnrin kan tí ilé rẹ̀ fara kan kànga, àmọ́ tó ti ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ pọnmi lódò tó jìnnà láti ọjọ́ tí amọ̀kòkò ti sọnù. Wọ́n yọjú wo inú kànga. Ìyá mi á wá fi ohùn ìsàlẹ̀ parí rẹ̀: "Aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà."

Professore yọ bírò. "Tún un sọ, bambina. Díẹ̀díẹ̀."

Ọjọ́ náà gan-an ni ìyá mi pẹ́ lọ́jà Porta Palazzo. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń sunkún, mo ti gbà pé ọjà ti gbé wọn mì. Nígbà tí wọ́n dé pẹ̀lú àpò tàtàṣé, wọ́n ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?" Mo dá wọn lóhùn ní Italian pé inú ń run mí. N kò jẹ́wọ́.

Ìwé náà jáde ní ọdún kejì. Wọ́n ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní ilé ìkàwé kan, ìyá mi sì ní láti wà níbẹ̀ nítorí oògùn rẹ̀. Wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sí ìlà kejì, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Professore bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹrú obìnrin adúláwọ̀ kan wà nínú ìtàn náà, ó ní èjí bíi ti ìyá mi, ó ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì bíi tiwọn. Omi ló ń rù. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì ti pa á kí ìtàn tó dùn. Ìyá àgbà inú àlọ́ wa ti di adájọ́ ará Romu tó ní imú gígùn. Imú ta ni? Imú Professore!

Ó ka ọ̀rọ̀ kànga débì kan, ó pa ìwé dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta wá ni apànìyàn?" Ó fẹ́ kí wọ́n ra ìwé ni. Ṣùgbọ́n nílé wa, bí apàlọ́ bá bèèrè tí àwọn agbálọ̀ọ́ dákẹ́, àbùkù ni wọ́n fi kàn án. Ìyá mi fò dìde.

"Il vicino!" Wọ́n na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Èyí tó ń gbé lẹ́bàá kànga! Kò mu omi ibẹ̀ mọ́!"

Ojú Professore pọ́n bíi tòmátì. Obìnrin kan tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn ní, "Ta ló sọ fún un?" Ìyá mi yí ojú sí mi, ojú yẹn sì ti mọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń dúró. Gbólóhùn kan péré ni: kí n sọ pé ìyá mi ló ni àlọ́ náà. Mo wo àwọn kóòtù olówó wọ̀nyẹn, mo wo tèmi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mamma non capisce l'italiano." Ìyá mi kò gbọ́ Italian.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ara wọn balẹ̀. Ìyá mi jókòó. Nínú tram, gbólóhùn kan ni wọ́n sọ títí a fi délé: "Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá." Láti ọjọ́ náà, wọn kò pàlọ́ fún mi mọ́.

Àdúgbò Arcella ní Padova ni à ń gbé báyìí, èmi àti wọn. Ní oṣù tó kọjá ni mo rí ìwé náà nínú páálí níta ṣọ́ọ̀bù oníwèé àlòkù, mo sì kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Irú kí ni mo kà? Òjò ń rọ̀ ní gbogbo orí, ẹnikẹ́ni kì í jẹun, adájọ́ a máa bá òkúta sọ̀rọ̀. Yọ kànga ìyá mi kúrò, á ku imú.

Àwa méjèèjì ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo jẹ́wọ́. "Màámi, èmi ni mo pàlọ́ yẹn fún un."

"Mo mọ̀. Àbí ológbò ló pa á fún un?" Wọ́n ju òkúta ẹ̀wà sínú àwo. "Pé o pa á kò dùn mí. Èyí tí o sọ sí mi lójú gbogbo wọn ló dùn mí."

Mo kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un pa fún mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, Italian ni wọ́n fi pa á láti ìbẹ̀rẹ̀: amọ̀kòkò, ìbúra, ìyá àgbà, ó ń ṣàn bí omi. Níbi tí àwọn ọmọ ọkùnrin náà ti ń lọ pọnmi lódò ni wọ́n ti lo ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ rí, èmi tí mò ń ṣe ògbufọ̀ jẹun ní ọsibítù.

"Kí ni sigilin, Màámi?"

"Korobá ni. Bí àwọn arúgbó Turin tí mo wẹ̀ fún ṣe ń pè é nìyẹn." Wọ́n gbé ojú sókè. "Ṣé o kò gbọ́ èdè ni?"

Ọmọ ọdún méjìlá ọjọ́sí ì bá purọ́ pé òun gbọ́. Mo ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, mo ṣì wà lórí eékún.

"N kò gbọ́, mà," mo ní. "Ẹ kọ́ mi."