Zubaidah àti Ríìmù Tíṣà Josiah

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Zubaidah nígbà tó kọ́kọ́ fi irin yọ táyà lára ríìmù. Bàbá rẹ̀, Lìádì, ni fọkanáísà tí gbogbo onímọ́tò mọ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà láyé ọjọ́un. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá, Zubaidah ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ó fi tọ́ ọmọ méjì, Muhsinah àti àbúrò rẹ̀, kò sì ṣagbe lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Èèyàn á ní inú rẹ̀ yóò máa dùn. Àmọ́ Najeem ń bẹ.

Ọ̀dọ̀ bàbá Zubaidah náà ni Najeem ti kọ́ṣẹ́. Ó kúrò nílùú fúngbà díẹ̀, ó padà dé pẹ̀lú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń bálánsì táyà kó lè máa yí láìgbọ̀n, ó wá gba ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, ọ̀kánkán Zubaidah gan-an. Ìyẹn ì bá ṣì ṣeé fara dà. Èyí tí kò ṣeé gbé mì ni pé ọ̀dọ̀ Najeem ni bàbá ń lọ jókòó láràárọ̀, tí wọ́n á máa wo iná pupa ẹ̀rọ bí ẹni ń wo sinimá. Bí wọ́n bá délé, kò sí ọ̀rọ̀ míì ju, "Najeem ṣe báyìí, Najeem ní báyìí, ọmọ yẹn lọ́pọlọ." Gbogbo ọdún tí Zubaidah fi ń gbé táyà, bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan. Bó bá rí mọ́tò tó yà sọ́dọ̀ Najeem, ńṣe ló máa ń kẹ̀yìn sí títì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Tíṣà Josiah, tó ń kọ́ni ní Ẹ̀rúnmú, wa mọ́tò rẹ̀ wá bá a. Ríìmù alọ́ì tuntun ń dán yinrin lẹ́sẹ̀ rẹ̀, táyà náà tuntun.

"Ìyá Muhsinah, ẹ gbà mí," ni tíṣà wí. "Bí mo bá ti sáré kọjá ọgọ́rin, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Najeem ti bálánsì ẹ̀. Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan kan."

Zubaidah tètè tẹrí ba, kí tíṣà má baà rí ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Nígbà tí ríìmù àtijọ́ wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Kò gbọ̀n rárá."

Ó fi jáàkì gbé mọ́tò, ó yí ẹsẹ̀ iwájú, ó gbé ẹfun sún mọ́ ọn bó ti ń yí, kó lè mọ̀ bóyá ó wọ́. Táyà kò wọ́. Òjé tí Najeem lẹ̀ mọ́ ọn láti fi bálánsì ẹ̀ kò ṣí. Ó wá tú nọ́ọ̀tì, ó yọ ríìmù, ó gbé e padà láìdè é, ó mì í. Ríìmù ń rìn sókè sódò lórí họ́ọ̀bù, irin àárín tó máa ń jókòó lé. Ihò àárín rẹ̀ ti tóbi jù! Lórí ẹ̀rọ Najeem, ihò yẹn ni wọ́n fi ń dì í mú, ló ṣe ń yí gún régé. Lẹ́sẹ̀ mọ́tò, nọ́ọ̀tì nìkan ló gbé e, kò sì jókòó sí àárín. Ẹ̀rọ kò purọ́, Najeem náà kò ba nǹkan jẹ́.

"Ẹni tó bálánsì ẹ̀ ò mọṣẹ́." Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó ronú. Bó sì ti ń sọ ọ́ ló mọ̀ pé irọ́ ni.

Ó wọn ihò, ó wọn họ́ọ̀bù, ó lọ bá tọ́nà tó ń gé irin, ìyẹn gé òrùka mẹ́rin fún un. Ó fi òrùka há àárín ríìmù kọ̀ọ̀kan, ó dè wọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣì wà lókè. Òun àti tíṣà wá gba ọ̀nà Ìwó lọ. Wọ́n sáré dé ọgọ́rùn-ún, sítíárìn dákẹ́ rọ́rọ́.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ó ní kí tíṣà dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù Najeem. Ó yọ ẹsẹ̀ kan níbẹ̀, ó fa òrùka inú rẹ̀ jáde, ó nà án sí Najeem. Ó gbóhùn sókè kí bàbá tó jókòó níbẹ̀ lè gbọ́: "Najeem, ẹ̀rọ ẹ ò rí eléyìí."

Ìtìjú Najeem ló ń retí. Àfi bí Najeem ṣe kúnlẹ̀ ti họ́ọ̀bù náà, tó ń yí òrùka lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀? Mọ́tò yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí ọmọ yìí! Kì í tijú láti bèèrè."

Najeem ni wọ́n tún yìn! Omi lé sójú Zubaidah. "Bàbá, èmi ńkọ́? Èmi tí mo rí i ńkọ́?"

Bàbá wò ó títí. "Ìwọ? Ṣé èèyàn máa ń yin ọwọ́ ara ẹ̀ ni? Ọwọ́ mi ni ọ́. Mo rò pé o mọ̀."

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ẹ ò sọ ọ́ rí."

Zubaidah nu ojú, ó yíjú sí tíṣà. "Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Najeem mọṣẹ́. Ríìmù yẹn ni kò bá họ́ọ̀bù mu." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Najeem, ó fi ìka tọ́ka sí àlàfo tó wà láàárín ríìmù àti họ́ọ̀bù fún un.

Owú yẹn kò tíì tán títí dòní. Bí bàbá bá pe orúkọ Najeem nílé, ó ṣì ń ta á lára. Ṣùgbọ́n alọ́ì tuntun tó bá ń gbọ̀n ní Ìyànà Ọ̀fà, Najeem fúnra rẹ̀ ló ń darí ẹni tó ni ín kọjá títì wá bá Zubaidah. Bàbá á sì dìde, wọ́n á rọra tẹ̀lé wọn wá wòran.