Ológosẹ́ Kẹta Lọ́wọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ránṣọ, aṣọ kì í sì í yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti fún etí aṣọ mú, kò tún lè yẹ̀ mọ́. Ìgbà tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún ló ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òrùka sẹ́sẹ̀ ẹyẹ igbó, kí àwọn tó ń ka ẹyẹ lè mọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń fò dé. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, ẹyẹ tí kò kún ẹnu ológbò! Ṣé o fẹ́ rán ẹ̀wù fún un ni?"

Ọkùnrin yìí ò mọ nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ti ojú fèrèsé ìsọ̀ wo ológosẹ́ ẹlẹ́nu pupa. Kò ju àtàǹpàkò lọ púpọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú, ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ata, pupa kan náà sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Kì í dá rìn. Ogún, ọgbọ̀n wọn á jọ bà sórí koríko, wọ́n á máa pera wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọ̀kan á gun igi koríko títí tí yóò fi tẹ̀, á wá máa ṣa èso rẹ̀ jẹ. Bí wọ́n bá ń tọ́mọ, wọ́n á fi èèrà àti ikán kún un. Wọ́n sì gbọ́n féfé: wọ́n a máa kọ́ yàrá òfìfo sórí ìtẹ́ tí ọmọ wà, kí olè yọjú síbẹ̀ kó bá òfo.

Ó kọ́ iṣẹ́ náà, àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ sì dé. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó tó àbígbẹ̀yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹyẹ mẹ́ta péré," ni Ọ̀gá wí. "Bí ọ̀kan bá kú tàbí tó dákú lọ́wọ́ yín, kò sí ìwé àṣẹ lọ́dún yìí o. Ẹ rántí, àyà ni wọ́n fi ń mí. Ẹ má fún un."

Méjì lọ ní àlàáfíà. Ọ̀gá lọ tú ẹyẹ mìíràn nínú àwọ̀n tí wọ́n fi ń mú wọn, ó kọ ẹ̀yìn sí Ìyá Abẹ́rẹ́. Òrùka ẹyẹ kẹta ti wà lẹ́sẹ̀, ẹ̀mú tó fi ń pa á dé ti tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ni ẹyẹ bá fẹ́ já ara rẹ̀ gbà. Ọwọ́ aránṣọ ṣe ohun tó máa ń ṣe bí aṣọ bá fẹ́ yọ̀: ó fún un mọ́ra gírí. Orí ẹyẹ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá Abẹ́rẹ́ yára dẹ ọwọ́. Bó bá jù ú sílẹ̀ báyìí, òrùka tó là sílẹ̀ yóò kọ́ koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì kán. Dandan ni kó pa òrùka náà dé.

"Jọ̀ọ́, má kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó tẹ ẹ̀mú. Òrùka dé. Ó ju ẹ̀mú nù, ó tẹ́ ẹyẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ara rẹ̀ ṣíji bò ó. Kò mì í, kò bu omi sí i. Ó kàn ń kà. Ó kà dé ogún. Kò sí nǹkan kan. Ó kà dé ogójì, ìyẹ́ àyà mì. Ojú ṣí. Ẹyẹ dìde dúró, ó yàgbẹ́ sí i lọ́wọ́ láìtijú, ó sì fò lọ fìrì.

"Ó ti lọ?" Ọ̀gá ti padà dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mẹ́ta pé nìyẹn! Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé."

Kò sẹ́ni tó rí i. Ìyá Abẹ́rẹ́ mú bírò. Ó kọ ọ́: Mo fún àyà rẹ̀ pọ̀. Ó dákú, ó sì jí.

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Màmá, èmi ò rí i o."

"Èmi rí i."

Ọ̀gá pa ìwé dé. "Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ó dun Ìyá Abẹ́rẹ́ dé egungun. Ó jókòó sórí koríko, ó sunkún bí ọmọdé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ lórí itan, kò lè pa á dé.