Àpótí Oògùn Tó Ń Pe Ọkọ Mi Ní "Ìwọ"

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n sọ ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ àpótí oògùn kan nílé wa ní Okokomaiko.

Ọkọ mi, Bàbá Ṣadé, ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́dún tó kọjá, ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ òsì wọn ò sì ṣeé gbé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọlọ́run ló yọ wá. Dókítà ní kí wọ́n má fi oògùn ṣeré mọ́, pé tó bá tún dé, ó lè má lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá a máa gbàgbé. Èmi náà ńkọ́? Àgbà ti dé!

Ni Ṣadé, ọmọ wa tó wà ní Abẹ́òkúta, bá gbé àpótí kan wá. Ó ní ihò fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tí àkókò bá tó, á dún, á sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ti ṣí i, mẹ́séèjì á wọ fóònù Ṣadé pé Bàbá ti lo oògùn. Ó tiẹ̀ ń sọ Yorùbá! Ṣadé tẹ̀ ẹ́, ohùn obìnrin kan jáde: "Lo oògùn rẹ. Lo oògùn rẹ."

A rẹ́rìn-ín. Àwọn ayálégbé wa tó ń fọṣọ níta náà rẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Èmi ò fura.

Oṣù kan kọjá. Ṣadé ń pè pé òun ń rí mẹ́séèjì, pé Bàbá ń gbìyànjú. Ọkàn mi balẹ̀, mi ò béèrè nǹkan kan mọ́. Àfi ìgbà tí a dé hẹ́lìsẹ́ńtà, tí nọ́ọ̀sì wọn BP Bàbá, tó tún un wọ̀n, tó wá wò mí lójú. Ó ní ó ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé wọ́n ń lo oògùn ṣá? Mo ní wọ́n ń lò ó, àpótí lè jẹ́rìí. Bàbá ń wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń fọ ṣòkòtò wọn. Kí ni mo bá nínú àpò? Oògùn, funfun àti pupa, ó ti ń yọ́ mọ́ aṣọ. Àṣé wọ́n kàn ń ṣí àpótí kó lè dákẹ́ ni, tí wọ́n á wá ti oògùn bọ àpò!

Mi ò pariwo. Mo jókòó tì wọ́n, mo la àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi oògùn náà hàn wọ́n. Bàbá ní:

"Ìyá Ṣadé, ta ni ẹ̀rọ yẹn ń bá wí? 'Lo oògùn rẹ.' Ṣé òun ló bí mi ni? Àwọn ayálégbé ti sọ mí ní Bàbá Lo-Oògùn-Rẹ nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Mo ní, "Òótọ́ ni, Bàbá, ẹ̀rọ ò mọ àgbà. Àmọ́ rọpárọsẹ̀ náà ò mọ àgbà. Tó bá dé, ìwọ lòun náà máa pè yín."



Mo gbé àpótí náà lọ sí Iyana-Iba, sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Ó ní a lè fi ohùn tiwa sí i, ṣùgbọ́n gbólóhùn kékeré ló ń gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀: Bàbá Ṣadé, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara ńkọ́, ẹsẹ̀ ńkọ́, gbogbo ilé ńkọ́... Àyè ti tán! Mi ò tíì dé orí oògùn. Ọmọ náà ní, "Mama, ẹ fi kíkí sílẹ̀." Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi kíkí sílẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó bọ́ sí i: "Bàbá Ṣadé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó kí ẹ lo oògùn yín."

Ní báyìí, tó bá ti dún, Bàbá á ní, "Ó dáa." Èmi á gbé omi dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi gbé e mì. Nọ́ọ̀sì ní BP ti ń wálẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àpótí lè ṣí kí oògùn má wọnú. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ra ẹ̀rọ fún òbí, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí bó ṣe ń pe òbí yín kí ẹ tó gbé e sílẹ̀ lọ. Èmi náà jẹ̀bi: ọkọ mi ń dákẹ́, mi ò bi wọ́n ní kí ló dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé ńkọ́? Ọgbọ́n wo lẹ fi ń mú wọn lo oògùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kọ́ sí i.