Ìròyìn Tí Kò Dárúkọ Ọmọ

Lọ́jọ́ Kérésì tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan yin báńgà lẹ́yìn fèrèsé. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dojú bolẹ̀ lábẹ́ tábìlì, èmi ìyá àgbà, pẹ̀lú ìrẹsì lẹ́nu. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ sí ilé wa ní Ìjọkù, ní Ṣàgámù, sí ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi wà lójú ogun.

Rótìmí lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Òun àti Ràsákì, ọmọ ìyá tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, ni wọ́n jọ wọ iṣẹ́ sójà, tí ìjọba sì rán àwọn méjèèjì lọ làjà ogun ní Lẹ́bánónì. Kòríkòsùn ni ìyá mi àti Ìyá Ràsákì. Obì ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Láràárọ̀, wọ́n á jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan náà, wọ́n á máa bó awọ funfun kúrò lára obì tí wọ́n ti rẹ sómi, rédíò kékeré ìyá mi á wà láàárín wọn lórí agbọ̀n. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Lẹ́bánónì, ọwọ́ àwọn méjèèjì á dúró. Ìyá Ràsákì gbà pé bí àwọn bá sún mọ́ rédíò náà dáadáa, àwọn lè gbọ́ ikọ́ Ràsákì.

Ìròyìn tó dé gan-an kò gba orí rédíò. Awakọ̀ kan tó ń kó obì lọ sí Èkó ló gbọ́ ọ ní bárékè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín méjèèjì ti kú. Wọn ò dárúkọ."

Kò sẹ́ni tó sunkún. Ìyá mi wo Ìyá Ràsákì, Ìyá Ràsákì wo ìyá mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi, ó tutù bí omi àmù: "Ràsákì ni. Rótìmí mi ò lè kú."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní Ràsákì ni!"

Ìyá Ràsákì fò mọ́ ìyá mi, eyín wọn wọ èjìká ìyá mi títí ẹ̀jẹ̀ fi rin bùbá. Agbọ̀n dànù, obì fọ́n ká, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ìyá mi nawọ́ sẹ́yìn, ọwọ́ wọn ba ọmọ odó, wọ́n sì gbé e sókè. Ìyá Ràsákì na ọwọ́ ọ̀tún láti fi gbà á, egungun ọwọ́ náà sì dún bí igi gbígbẹ. Ìyá mi tún gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì kí awakọ̀ náà tó dì wọ́n mú. Láti ilẹ̀, Ìyá Ràsákì ń kígbe pé, "Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹ́ Rótìmí!"

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnìkan ò kí ẹnìkejì. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì ni Rótìmí wọlé. Ó ti rù hangogo. Ìyá mi sáré lọ dì mọ́ ọn, Rótìmí rọra tú ọwọ́ wọn kúrò lára rẹ̀, ó sì lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ràsákì. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí ọmọ kan fi yin báńgà lójúde. Rótìmí fò dìde, ó gbá mi mú, ó là mí mọ́lẹ̀, ó sì sùn lé mi lórí. Eyín iwájú mi kan ṣẹ́ síbẹ̀. Ó ń gbọ̀n, ó ń pariwo, "Ràsákì, má kú! Ràsákì!" Bí a ṣe mọ ẹni tó kú nìyẹn.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ròyìn. Bọ́ǹbù balẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò, ó gé ẹsẹ̀ Ràsákì méjèèjì. Rótìmí pọ̀n ọ́n, ó sì sáré títí ẹ̀jẹ̀ fi kún bàtà rẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, Ràsákì ti dákẹ́.

"Ẹ̀yìn rẹ ló kú sí?" Ìyá Ràsákì ló bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Yí padà."

Ó yí padà. Wọ́n gbé ọwọ́ kan tó kù lé e lẹ́yìn, wọ́n ń fi pa á jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ tó fẹ́ sùn. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ lókèèrè, wọn ò lè sún mọ́ wọn.

Ọwọ́ yẹn ò lè bó obì mọ́ láé. Láti ọjọ́ kejì Kérésì ni ìyá mi ti ń bó ti ẹni méjì, títí wọ́n fi kú. N kò gbọ́ ọjọ́ kan kí Ìyá Ràsákì sọ pé àwọn ti dárí ji ìyá mi. Ohun tí mò ń gbọ́ ni, "Èyí ò mọ́. Tún un bó." Ìyá mi á sì tún un bó.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, orí fóònù lẹ ti ń rí ogun. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì gbẹ tí àwòrán á fi dé. Ilé wa ní Ìjọkù ti di ṣọ́ọ̀bù, kò sì sẹ́ni tó ń fetí lé rédíò níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kan wà nínú iṣẹ́ sójà lókè Ọya. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní wọ́n pa sójà kan níbi tó wà, wọn ò dárúkọ. Mo kúnlẹ̀, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ọmọ ẹlòmíràn ni lóòótọ́. N kò tíì lè dúpẹ́.